Wọ́n yí wáyà HDMI mi sódì, wọ́n tún rẹ́ ògiri lé e lórí

Sìmẹ́ńtì ti gbẹ pátápátá kí a tó tan tẹlifíṣọ̀n. Òun ló bí mi nínú jù, òun náà ló mú mi jókòó kọ èyí. Alẹ́ tí mo ti ní kí àwọn ẹbí ọkọ mi wá wòran, "Aucun signal", ìyẹn ni pé àwòrán kankan kò wọlé, ló yọ lójú ẹ̀rọ.

Ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Wàndó, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ni mo ti rajà. N ò ní dárúkọ wọn. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò lábùkù, ẹ ti mọ irú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gba 30.000 sẹ́fà lé lórí ni mo ní í sọ: kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri, kí wáyà kankan má sì hàn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni dẹkódà wa wà, níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kò tó, ìyẹn ni wáyà HDMI, tó ń gbé àwòrán láti dẹkódà dé tẹlifíṣọ̀n, fi ní láti gùn. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ló là mí lóye. Ó ní wáyà oní-bàbà, tó bá ti kọjá nǹkan bíi mítà márùn-ún, kì í sábà gbé àwòrán 4K, èyí tó mọ́ kedere gan-an, délé dáadáa, kí n gba oní-fáíbà, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Owó rẹ̀ ro mí lára, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Ọ̀gá tó wá ṣiṣẹ́ dé pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n yìn ín níbi tó ti yẹ: irin tó gbé tẹlifíṣọ̀n dúró gún régé, kò mì rárá títí dòní. Lẹ́yìn náà ló la ògiri, ó tẹ́ HDMI àti wáyà iná pọ̀ sínú ojú ibi tó là, láìsí nǹkan kan tó bò wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ rọra bi í pé, "Ọ̀gá, tíyò ńkọ́?", ọ̀pá rọ́bà tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?" Ó po sìmẹ́ńtì, ó rẹ́ ẹ. Ó ní kí a jẹ́ kó gbẹ kí a tó tan nǹkan kan.

Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, mo pè é. "Alájà, dẹkódà yín ló bàjẹ́." Mo gbé dẹkódà wá sídìí tẹlifíṣọ̀n, mo fi wáyà kékeré àtijọ́ sí i, àwòrán yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo tún pè é. Ó ní ojú ihò HDMI tí a ki í bọ̀ ni. A pààrọ̀ rẹ̀, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ó ní iná mànàmáná ni. Mo bá wọ awò ojú mi, mo wo orí wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹkódà: wọ́n kọ "Display", ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, sí i lára wínníwínní. Èyí tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, "Source", ìyẹn ẹ̀gbẹ́ dẹkódà tí àwòrán ti ń wá. Oní-bàbà lásán, bó bá ṣe wù yín lẹ lè kì í bọ̀ ọ́. Oní-fáíbà kò rí bẹ́ẹ̀, orí kan ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́, èkejì ń gbà á. Mo ka ọ̀rọ̀ náà fún Ọ̀gá lórí fóònù. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: ó ní ṣé n kò lè gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí dẹkódà wá sí pálọ̀!

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìjà lọ́kàn. Ọmọbìnrin yẹn kò tíì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ débì kan tó fi ń bẹ̀ mí, "Màmá, ẹ má bínú." Ọmọ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n rán wá. Ó fi aṣọ bo àwọn àga mi, ó rọra ń gbẹ́ ògiri títí ó fi yọ wáyà jáde láìṣẹ́. Ilẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Àwòrán mọ́ kedere. Ó wá ri tíyò méjì sínú ògiri, ọ̀tọ̀ ni ti iná, ọ̀tọ̀ ni ti HDMI. Ti HDMI fẹ̀, torí orí rẹ̀ kò lè gba inú tíyò tóóró tí àwọn oníná ń lò. Kò fi ìgbọ̀nwọ́, tíyò kékeré tó ṣẹ́ kọ́rọ́, sí i, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí fáíbà kì í fẹ́ kí wọ́n ká òun lójijì. Ó ní wáyà iná tó bá tẹlifíṣọ̀n wá kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rì mọ́ ògiri, ló bá ṣe ojú iná tuntun sẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ nínú tíyò: "Màmá, bí èyí bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, okùn yìí lẹ ó fi fa tuntun wọlé." A tan tẹlifíṣọ̀n kí ó tó po sìmẹ́ńtì. Mo fún un lówó, kò gbà. Ó jẹ iyán, ó jẹ ẹ́ dáadáa.

Àmọ́ owó tíyò, èmi ni wọ́n ní kí n san án. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ojú ibẹ̀ kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ó hàn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní ọ̀dà kò sí nínú àdéhùn. Ọ̀gá kò tíì pè mí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọkọ mi ní mẹ́rin ti pọ̀ jù. Ọ̀kan tí mo yọ, ti ọ̀dà ni. Ti Ọ̀gá, n kò tíì kà á.