Káàdì fídíò tuntun ń ṣe ségesège: dírafà ni àbí iná?

Bí o bá pààrọ̀ káàdì fídíò, tí ojú kọ̀ǹpútà wá ń ṣẹ́jú, dírafà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì náà) ni kí o kọ́kọ́ mú, torí kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀. Já íntánẹ́ẹ̀tì, wọ Safe Mode (ọ̀nà tí Windows fi ń tàn pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan), fi DDU (Display Driver Uninstaller, ètò tó ń nu dírafà kúrò) pa dírafà àtijọ́ rẹ́, kí o tó fi tuntun sí i. Bí o kò bá já íntánẹ́ẹ̀tì, Windows lè ti kó òmíràn wọlé kí o tó ṣetán.

Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà bá ń kú lójijì kìkì ìgbà tí géèmù bá le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná ni kò tó. Ihò PCIe (ibi tí a ń ki káàdì bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà) ń gbé wáàtì 75, wáyà onípín-ìnì 8 (8-pin) ń gbé 150. Káàdì tó ní ihò onípín-ìnì 8 méjì, wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí o fà sí i láti ara PSU (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà), kì í ṣe ẹyọ kan tó pín ẹnu sí méjì. Tẹ ẹnu wáyà náà wọlé títí yóò fi dún káà. PSU tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ kò gbọdọ̀ dá ọ lójú.

Ní Akúrẹ́ wa yìí, má fi jẹnẹrétọ̀ kékeré dán an wò rárá: iná tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ á mú kí PSU tó dára dà bí èyí tó bàjẹ́.