Ananicy-cpp: kí nice tí ẹ yàn má baà pòórá

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà Linux kan ṣoṣo tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbówó, tó tún ń fi ffmpeg, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò, fún fídíò ìnáwó pọ̀ lórí rẹ̀, mọ̀ pé bí ffmpeg bá ti dìde, máòsì á máa wọ́ bí ìgbín. Nice ni nọ́ńbà tí Linux fi ń mọ ètò tó yẹ kó yàgò fún òmíràn lórí CPU. `renice -n 15 -p` pẹ̀lú PID ffmpeg (nọ́ńbà tí Linux fi dá ètò mọ̀) á tú máòsì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ PID ọjọ́ yẹn nìkan ló ṣiṣẹ́ fún. Ẹ tún ffmpeg pè lọ́la, ó ti padà sí 0. Iṣẹ́ ananicy-cpp, dáémọ̀nù kan (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀), ni láti máa ṣọ́ ètò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, kó sì fún un ní ipò tí ẹ ti kọ sílẹ̀ dè é.

Fífi í sórí ẹ̀rọ kò le. Lórí Arch, `sudo pacman -S ananicy-cpp`, lẹ́yìn náà `sudo systemctl enable --now ananicy-cpp`. Ẹ ṣí fáìlì tuntun, `/etc/ananicy.d/agbowo.rules`, kí òfin kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀:

`{ "name": "ffmpeg", "nice": 15, "ioclass": "idle" }`

Ẹ fi `sudo systemctl restart ananicy-cpp` tún un bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fi `ps -eo pid,ni,comm | grep ffmpeg` yẹ̀ ẹ́ wò. 15 ló yẹ kó wà lábẹ́ NI.

Láti -20 dé 19 ni nice. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ló ń yàgò fún àwọn yòókù. Ìwọ̀n ètò tó wà ní 0 jẹ́ 1024, ti 10 jẹ́ 110, nítorí náà bí méjì bá du kọ́ọ̀ (core) CPU kan, ẹni 0 á gba bíi 90%. Ẹ má sáré fún bíráúsà ní -20. Ẹni tó ń jẹun jù ni kí ẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dáni lágara: `ioclass`, tó ń sọ ipò ètò lórí dísíìkì, kò já mọ́ nǹkan bí `cat /sys/block/sda/queue/scheduler` bá fi `[none]` hàn. bfq, ọ̀kan lára àwọn tó ń to iṣẹ́ dísíìkì, ló ń gbọ́ràn sí i dáadáa. Autogroup náà wà ńbẹ̀, èyí tí kernel (ọkàn Linux) fi ń kó àwọn ètò séṣọ̀n kan pọ̀: bí `kernel.sched_autogroup_enabled` bá jẹ́ 1, kernel lè máa fi nice wé ara wọn láàárín séṣọ̀n kan náà nìkan, kí 15 yín má sì ran bíráúsà lọ́wọ́ rárá. Ẹ kọ ọ́ sí 0 nínú `/etc/sysctl.d/`, torí `sysctl` tí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ kì í kọjá àtúntàn. Òfin tí ẹ bá sì kọ fún `python3` lè mú ètò Python mìíràn tí ẹ kò ní lọ́kàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì lóye ni ti iná. Nice kì í dín iná tí ẹ̀rọ ń jẹ kù. Bí kò bá sí ẹni tó ń bá ffmpeg du CPU, 100% ló máa jẹ, fáànù á sì máa hó lórí inverter. Bó bá jẹ́ bátìrì lẹ ń dáàbò bò, ẹ sọ iṣẹ́ náà di service systemd (iṣẹ́ tí systemd ń bójútó), kí ẹ fi `CPUQuota=50%` sí i: ìdajì kọ́ọ̀ kan nìyẹn.

Fún ìwé títẹ̀ nìkan, dáémọ̀nù yìí ti pọ̀ jù. `FilterNice 10` nínú fáìlì CUPS (ètò ìtẹ̀wé Linux), `/etc/cups/cupsd.conf`, tó. Fún sáfà tó ní service méjì péré, ẹ lo `sudo systemctl edit`, ẹ kọ `Nice=10` sábẹ́ `[Service]`, kí ẹ má sì kọ òfin ananicy fún ètò kan náà, torí ti ananicy ló máa borí.