Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí mo gbé lọ ọdún Ọ̀ṣun

"Ìdérí ìgò wo lo lẹ̀ mọ́ iwájú kámẹ́rà yìí?"

Bí Màmá Òṣogbo, àbúrò ìyá mi, ṣe kí mi káàbọ̀ nìyẹn nígbà tí mo dé ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ. Lẹ́ǹsì gígùn tí mo fi ń ya fọ́tò ìgbéyàwó n'Íbàdàn ni wọ́n mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò gbé e, n kò sì gbé èyí tó ń súùmù rárá. Canon EF-S 24mm f/2.8 STM nìkan ló wà lójú kámẹ́rà mi fún odidi ọjọ́ mẹ́wàá. Bí nọ́ńbà mm bá ṣe kéré tó ni ibi tí lẹ́ǹsì ń gbà ṣe ń fẹ̀ tó, bó bá tóbi, ó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni; bí nọ́ńbà f bá sì ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí léèrè lẹ́ǹsì ìrìn àjò ni kì í ka irú rẹ̀ kún.

Ó kéré lóòótọ́. Gíráàmù 125 ni, bí ẹyin adìyẹ méjì lọ́wọ́, ìnípọn rẹ̀ kò sì tó ìka méjì. Tí mo bá dè é mọ́ kámẹ́rà Canon 700D mi, gbogbo rẹ̀ wọ inú báàgì kékeré tí mo fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́. Láti Ìwó Road títí a fi wọ Òṣogbo, orí itan mi ló wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì mí kò mọ̀ pé kámẹ́rà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ló fa èyí. Lẹ́ǹsì mẹ́ta ni mo gbé lọ nígbà náà: 18-55 tó bá kámẹ́rà wá, 55-250, àti 50mm f/1.8. Nínú èrò tó ń rọ́ lọ sójúbọ, mo yà sẹ́bàá ọ̀nà kí n lè pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Òjò winniwinni ń rọ̀, ẹnì kan fi apá gbá mi, ìdérí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Kí n tó wá a rí, àwọn onílù ti kọjá. Nígbà tí mo délé, àmì dúdú róbótó mẹ́ta ló wà lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà lẹ́yìn ìgbà náà. Ìdọ̀tí ti wọ orí sensor, ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Ó dùn mí gan-an, torí ọdún kan gbáko ni mo ní láti dúró kí n tó tún rí irú ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, kí n tó múra ti ọdún yìí, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà máa ń kọ ọ́ sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, iye mílímítà tí lẹ́ǹsì wà nígbà tí a tẹ bọ́tìnnì. Fọ́tò 312 ni mo tọ́jú lọ́dún tó kọjá. 201 nínú wọn ló wà láàrin 18 sí 28. Àwọn tí mo fi 55-250 yà tí mo sì fẹ́ràn kò ju 21 lọ. Ẹni tó bá ń ro lẹ́ǹsì tí yóò gbé rìnrìn àjò, kó kọ́kọ́ ka fọ́tò ara rẹ̀ báyìí kó tó náwó. Èmi tí mo ti ń sọ káàkiri pé lẹ́ǹsì gígùn ni mo fẹ́ràn, ìṣirò náà yà mí lẹ́nu.

50mm ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n gbé. Lẹ́ǹsì gidi ni, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbà wọlé ju ìlọ́po méjì ti 24mm yìí lọ. Ṣùgbọ́n lórí kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ kéré bíi 700D, 50mm máa ń ríran bíi 80mm. Nínú pálọ̀ Màmá Òṣogbo, bí mo bá fẹ̀yìn ti ògiri, ojú àti èjìká wọn nìkan ni yóò wọlé. Àga tí wọ́n jókòó lé àti fọ́tò bàbá àgbà lára ògiri ti lọ nìyẹn. 24mm ń ríran bíi 38mm. Ó gba èèyàn, ó gba ilé tí onítọ̀hún ń gbé, kò sì fa ẹni tó wà létí fọ́tò gùn bí àwọn lẹ́ǹsì tó fẹ̀ jù ṣe máa ń ṣe.

Tòkunbọ̀ ni mo rà, ₦130,000. Kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi búra pé kò ní wàhálà kankan. Mo gbé e délé, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀yìn, mo rí ohun kan bí òwú aláǹtakùn létí gíláàsì inú. Gíláàsì náà ti bu, bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń fà á, pàápàá bí lẹ́ǹsì bá pẹ́ nínú báàgì tí kò rí afẹ́fẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá a fà á kó tó dá owó mi padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ láìjẹ́ pé ẹ tan iná sí i níwájú ẹni tó ń tà á.

Igbó Ọ̀ṣun ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò, lọ́jọ́ kan tí èrò kò tíì pọ̀. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, ọdún 2005 ni UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé. Àwọn ère tí Susanne Wenger, ẹni tí gbogbo Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí fi sìmẹ́ńtì mọ síbẹ̀ tóbi, igi sì ká wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè láti fà sẹ́yìn. Níwájú ère kan tó ga tó ọkùnrin méjì, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni mo ní lẹ́yìn mi kí n tó kan gbòǹgbò. Mo dá kámẹ́rà dúró lóòró, ère náà wọlé láti orí dé ẹsẹ̀. Bí mo bá ṣí lẹ́ǹsì yìí gbayawu sí f/2.8, igun fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń ṣú díẹ̀. Ó dín kù bí mo bá pa á dé díẹ̀ sí f/4. Lábẹ́ ewé tó ṣíji bolẹ̀, n kò tilẹ̀ kọ òkùnkùn igun yẹn.

Ọ̀dọ̀ aláró ni mo ti wá mọ ohun tí mo rà. Ọ̀rẹ́ Màmá Òṣogbo kan ṣì ń pa aṣọ láró lẹ́yìnkùlé wọn, ìyá arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́ǹsì yìí lè sún mọ́ nǹkan tó sẹ̀ntímítà 16, láti orí sensor ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá yọ inú kámẹ́rà àti ìnípọn lẹ́ǹsì kúrò, iwájú gíláàsì kò ju bíi sẹ̀ntímítà mẹ́sàn-án lọ sí ohun tí ẹ ń yà. Mo lóṣòó ti ìkòkò. Ọwọ́ ìyá náà wà níwájú mi gbàgàdà: aró ti wọ abẹ́ èékánná, ó ti wọ gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni pé wọ́n fi bírò tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló ní, ó ń kán tótó. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, etí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í di aró, àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ ewé. Mo tẹ bọ́tìnnì bíi ìgbà méje kí àwọ̀ ewé yẹn tó tán. Nínú fọ́tò karùn-ún, ìlà tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé hàn kedere lórí fọ́nrán òwú, àtàǹpàkò ìyá náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti ṣọ́ ni òjìji ara mi, torí bí èèyàn bá sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ lè bo ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ìwọ ò na ìbọn sí mi lójú bíi ti àwọn ọjọ́sí." Lẹ́ǹsì gígùn ni wọ́n ń pè ní ìbọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wálé. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń na ìbọn sí àwọn ìyá wa, tí mo ń bínú pé ojú wọn kò túká?

Lálẹ́ tí wọ́n tan iná olójúmẹ́rìndínlógún láàfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, lẹ́ǹsì náà rí ìdánwò. Iná yẹn nìkan ló ń mọ́lẹ̀ sójú àwọn tó ń jó yí i ká. Mo gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) dé 3200, mo ṣí lẹ́ǹsì dé f/2.8, shutter (ìwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) wà ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ mú. Ẹni tó ń jó, apá rẹ̀ fà bí èéfín. Lẹ́ǹsì yìí kò ní ohun tó ń bá èèyàn di ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ mú, bíi ti 18-55 mi. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìhà, mo fara ti òpó, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá balẹ̀. Nínú bíi 90, mẹ́rìnlá ló jọ mí lójú. Lálẹ́ yẹn, mo fẹ́ kí 50mm wà lọ́wọ́ mi, n kò ní purọ́.

Ti Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá lọ sójúbọ Ọ̀ṣun, ló dùn mí jù. Ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ àṣekágbá, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ máa ń yí i ká kí igbá má bàa ṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì fara kàn án. Ibi tó sún mọ́ jù tí mo lè dúró, Arugbá kò ju èékánná lọ nínú fọ́tò. Mo ní kí n gé e délé. 700D ní mẹ́gápíkísẹ̀lì 18. Bí mo bá gé fọ́tò 24mm kó lè rí bí ohun tí mo fi 100mm yà, ohun tó kù kò ju mẹ́gápíkísẹ̀lì kan lọ. Kò ṣeé fọ̀ sí ńlá. Fọ́tò tí mo tọ́jú lọ́jọ́ náà jẹ́ ti ọmọdé kan tó gun èjìká bàbá rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà sókè sí igbá tí èmi kò rí.

Àwọn nǹkan kéékèèké: ọdún 2014 ni Canon gbé e jáde, dọ́là 149 sì ni iye rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà nígbà náà. Kò wọ àwọn kámẹ́rà Canon tí sensor wọn tóbi bíi 5D tàbí 6D, ẹ má bàa náwó lásán. Ohun tí a fi ń yí fókọ́ọ̀sì kò ṣiṣẹ́ bí kámẹ́rà bá ti sùn. Òjò kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Nàìlọ́nù Màmá Òṣogbo àti rọ́bà ni mo fi bò ó. Wọn kì í fi ohun tó ń dí oòrùn sí inú páálí, ẹ máa dá a rà ni.

Bó bá jẹ́ Arugbá nìkan lẹ ń torí rẹ̀ lọ, ẹ gbé 55-250, kí ẹ tètè gba àyè sí. Bó bá jẹ́ ìlú àti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, 24mm yìí ni, kò sì sí lẹ́ǹsì mìíràn tí màá gbé lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti fọ fọ́tò ọwọ́ aláró yẹn sí ínǹṣì 12 sí 16. Lọ́la ni màá fi rán awakọ̀ tó ń lọ Òṣogbo, Màmá Òṣogbo ni yóò gbé e fún ìyá aláró náà.