Pátánì Àtijọ́ àbí Àtúntẹ̀: Èwo Ni Ká Fi Rán Kóòtù?

Bí kóòtù tó fún níbàdí, tó wá fẹ̀ nísàlẹ̀ bíi ti Christian Dior, gbajúmọ̀ aránṣọ ará Faransé, lọ́dún 1947 bá wù ọ́ rán, ọ̀nà méjì ló wà láti rí pátánì, ìyẹn bébà tí a fi ń gé aṣọ: ti àtijọ́ àbí àtúntẹ̀ rẹ̀. Pátánì tí wọ́n tẹ̀ láyé ìgbà náà gan-an lẹ́wà, àmọ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Òmíràn ò tiẹ̀ ní ìlà lára, ihò lásán ni wọ́n lu sí bébà! Má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ìwọ̀n tàn ọ́ o: 14 ti àwọn ọdún 1940 ní Amẹ́ríkà jẹ́ ínṣì 32 láyà; 14 òde òní jẹ́ 36.

Àtúntẹ̀ bíi Vintage Vogue, ìyẹn pátánì àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ Vogue tún tẹ̀, kó ìwọ̀n púpọ̀ sójú bébà kan. O lè gé 12 léjìká, kí o fẹ̀ ẹ́ sí 14 ní ìdí. Òun ni màá mú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Èyí tó wù kí o mú, kọ́kọ́ fi aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú rán ọ̀kan wò, kí o wọ̀ ọ́ lé súẹ́tà. Bí àyà bá fún, má sáré mú ìwọ̀n ńlá, èjìká á já wálẹ̀. Iwájú pátánì nìkan ni kí o là, kí o fẹ̀ ẹ́.