Òjìji Abẹ́ Bàtà: Photoshop Tàbí GIMP?

Ẹni tó fẹ́ fi òjìji sábẹ́ bàtà tó ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ tìtorí Drop Shadow ra ètò kankan. Drop Shadow ni irinṣẹ́ tó ń fi òjìji sẹ́yìn àwòrán fúnra rẹ̀. Photoshop ní in, GIMP náà ní in (ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe ni méjèèjì), bákan náà ni wọ́n sì ń ṣe é: wọ́n á da òjìji bàtà sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ògiri ló wà níbẹ̀. Bàtà tó yẹ kó dúró lórí tábìlì á wá dà bí èyí tí wọ́n so rọ̀. Ohun tó yẹ ká wò ni bó ti rọrùn tó láti yọ òjìji sọ́tọ̀, ká tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí etí rẹ̀ sì máa ṣe bàìbàì bó ti ń jìnnà sí àtẹ́lẹ̀ bàtà.

Ní Photoshop, ẹ fi Size (bí etí òjìji ṣe rọ̀ tó) nínú Drop Shadow sí 0, kí ẹ lọ sí Layer, Layer Style, Create Layer. Òjìji á bọ́ sórí layer tirẹ̀ (layer ni ìpele àwòrán kan lórí òmíràn). Ẹ tẹ Ctrl+T, ẹ mú Distort, ẹ fa orí òjìji wálẹ̀ sí òdìkejì ibi tí iná ti ń tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Field Blur, tó ń mú àwòrán ṣe bàìbàì ní ìwọ̀n tí ẹ bá fún pin (àmì tí ẹ gbé lé e) kọ̀ọ̀kan: pin kan lábẹ́ gìgísẹ̀ ní 2, ìkejì ní ìpẹ̀kun òjìji ní 30, bí fọ́tò bá fẹ̀ tó píksẹ́lì 2000.

Ti GIMP gba ọwọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà layer bàtà, ẹ gbé e sábẹ́, ẹ lo Alpha to Selection láti yan ìrísí bàtà (ibi tí ẹ yàn ni selection), ẹ kùn ún ní àwọ̀ dúdú, kí ẹ wá tẹ Select None láti tú u sílẹ̀. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: bí selection bá ṣì wà, Gaussian Blur, tí ẹ máa fi mú òjìji ṣe bàìbàì, ò ní kọjá etí rẹ̀, òjìji á gé bí ẹni fi abẹ gé e. Ẹ tún ṣe Layer to Image Size, kí layer náà lè fẹ̀ tó fọ́tò. Ẹ fi Perspective tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ di méjì, ọ̀kan ní blur 3, èkejì ní 30, kí ẹ fi mask (ìbòjú tó ń fi apá kan layer pamọ́) tí ẹ fi gradient kùn, ìyẹn àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti dúdú sí funfun, pa wọ́n pọ̀: èyí tó mú nítòsí, èyí tó rọ̀ lọ́nà jíjìn.

Nínú méjèèjì, ọwọ́ lẹ máa fi kun ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣókùnkùn níbi tí bàtà ti kan ilẹ̀, Opacity (bó ṣe ki tó) bíi 70%. Òun ló ń jẹ́ kí bàtà wúwo lójú.

Àwọ̀: ẹ mú un lára ibi tó ṣókùnkùn jù nínú ilẹ̀. Fáìlì àwòrán PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo kì í gbé Multiply (ọ̀nà ìdàpọ̀ tó ń mú kí layer sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ di ṣíṣókùnkùn) dání, nítorí náà ẹ lo Normal, ọ̀nà ìdàpọ̀ lásán.

Ẹni tó ń ṣe àádọ́ta fọ́tò lóòjọ́, tí oníbàárà ń sanwó rẹ̀, kó mú Photoshop. Fún ẹni tó ní bàtà mẹ́wàá lọ́sẹ̀, GIMP tó o, ọ̀fẹ́ sì ni; bí owó oṣù Photoshop bá tán, ẹ ò ní lè fi í ṣí fáìlì yín tún òjìji kankan ṣe.