Oṣù mẹ́rin tí mo ti ń fi ìpara hemp pa orúnkún

Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo pé Ìyá Tóbi ti ń ra igbó: n ò fa nǹkan kan o, ìpara ni mo rà.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Maryland. Wákàtí méjìlá lórí ìdúró ti sọ orúnkún mi di ti arúgbó. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló júwe ilé-iṣẹ́ kan ní Oregon fún mi, àwọn tó ń gbin hemp láìlo ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. Ọmọ ìyá ni hemp àti igbó. Òfin oko tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2018 ló là wọ́n: èyí tí THC (èròjà tó ń pa èèyàn bí ọtí) inú rẹ̀ kò bá ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni hemp. Ìyẹn ni ìpara mi fi lè gba òǹtẹ̀ organic (ọ̀gbìn tí kò ní kẹ́míkà) ti USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, tí igbó tí wọ́n ń tà ní gbangba ní Maryland láti 2023 kò sì lè gbà á.

Òǹtẹ̀ yẹn gan-an ni mo sanwó lé. Gbòǹgbò hemp a máa fa òjé látinú ilẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí wá jẹ mí lógún ju ẹwà agolo lọ. Mo na fóònù sí kóòdù ara agolo, ìwé àyẹ̀wò láàbù jáde, nọ́ńbà ara agolo àti ti inú ìwé náà sì bára mu.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Díẹ̀. Mo ti ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn láàárọ̀ láìdi ògiri mú. Àmọ́ bí mo ṣe ń pa á ni mo ń wọ́ orúnkún náà. N ò lè búra bóyá ìpara ni àbí ọwọ́ mi.

Òróró hemp tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń tà, èyí tí wọ́n ń kán sábẹ́ ahọ́n, ló bí mi nínú. Dọ́là 60, ó korò bí ewúro. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i nínú ìwé láàbù pé THC díẹ̀ wà níbẹ̀, díẹ̀ tó lè yọjú tí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ mi wò níbi iṣẹ́! Ìkìlọ̀ kankan kò sí lára ìgò. Mo kọ̀wé sí wọn, ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n dá owó padà, wọn ò tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó tọ́ irú òróró yìí wò.

Màmá mi ní Ìbàdàn gbọ́, wọ́n ní kí n fi agolo méjì ránṣẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, NDLEA ò ní wo òǹtẹ̀ USDA o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Àbọ́níkí tó wà nílé tó àwọn.