Kọ̀ǹpútà Kan, Ojúlé Méjì: Iṣẹ́ Tí Wọ́n Bá Mi Ṣe ní Adó-Èkìtì

Ṣọ́ọ̀bù àwọn oníkọ̀ǹpútà kan ní agbègbè Fájuyì ní Adó-Èkìtì ni mo gbé láptọ́ọ̀pù mi lọ, pé kí wọ́n bá mi fi Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Linux, sí i láìyọ Windows tí ó ti wà níbẹ̀ kúrò. Olùkọ́ ni mí. Orí Windows nìkan ni ètò tí ilé-ìwé wa fi ń ṣe àkójọ èsì ìdánwò ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà n kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo fẹ́ fi Linux han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré kọ́ ni ètò ìdarí kan ṣoṣo tí ó wà. Ìdájọ́ mi lórí iṣẹ́ náà ni pé wọ́n ṣọ́ra gidigidi kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi, ṣùgbọ́n wọn kò ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá a padà fún mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ó ní, “Mà, ṣé ẹ ti kó àwọn fáìlì yín pamọ́ sí ibòmíràn?” Nígbà tí mo dáhùn pé rárá, ó ní kí n lọ ṣe é, kí n sì padà wá ní ọjọ́ kejì. Ó tún yẹ ẹ̀rọ náà wò, ó rí i pé BitLocker, ètò Windows tí ń ti fáìlì mọ́ ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ti ti hard disk rẹ̀ pa, ó sì ṣàlàyé fún mi pé n óò ní láti wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ńbà oníhóró 48, nínú àkáǹtì Microsoft mi. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bí ẹni tí ń kánjú bá yí ètò ìtanná kọ̀ǹpútà padà láìbéèrè, ẹ̀rọ náà lè ní òun kò ní ṣí Windows láìsí nọ́ńbà yẹn, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ó sì di ohun tí a kò rí mọ́.

Ti iná ni ó wú mi lórí jù. Kí àyè tó lè wà fún ètò kejì, a gbọ́dọ̀ dín ìpín Windows, ìyẹn apá disk tí ó jẹ́ tirẹ̀, kù, èyí sì lè gba pé kí ẹ̀rọ kó àwọn fáìlì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn lórí disk. Bí iná bá lọ láàárín èyí, fáìlì lè bàjẹ́. Bátìrì mi ti gbó, gbogbo wa sì mọ bí iná ṣe ń ṣe ní ìlú wa. Ọmọ náà kò gbára lé iná ìjọba rárá. Inverter ni ó so ẹ̀rọ mọ́, ó sì dúró tì í títí ó fi parí.

Nínú gígábáìtì 500 tí disk mi gbà, ó gé 120 sílẹ̀ fún Ubuntu 24.04, èyí tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí àwọn tí ó ṣe é sì ń fún ní àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún ọdún 5. Ilé kan ni, ṣùgbọ́n ojúlé méjì ni: nígbà tí mo bá tan ẹ̀rọ, GRUB, ètò kékeré tí ń béèrè èyí tí a fẹ́ ṣí, yóò gbé orúkọ méjèèjì síwájú mi, èmi ni n óò sì yan èyí tí mo fẹ́ wọ̀. N kò lè wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ kí n tún un tàn. Mo fara mọ́ èyí, nítorí pé RAM mi, ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, kò ju gígábáìtì 4 lọ, èyí tí mo bá sì wọ̀ ni yóò ní gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà tún pa fast startup Windows, ohun tí ń mú kí ó tètè tàn. Bí a bá fi í sílẹ̀, Windows kì í kú tán nígbà tí a bá pa á, Ubuntu yóò sì kọ̀ láti kọ nǹkan sínú ìpín rẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo rí pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá nínú Ubuntu láìjẹ́ pé mo lọ wá a níbì kankan.

Ibi tí wọ́n kù sí ni aago. Ubuntu a máa fi àkókò àgbáyé sínú aago ẹ̀rọ, Windows sì gbà pé àkókò ìlú tí a wà ni aago náà ń sọ. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú àkókò àgbáyé, nítorí náà, bí mo bá kúrò nínú Ubuntu wọ Windows láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, aago mi á fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi. Mo gbára lé aago yẹn ní ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, mo sì dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń ṣe àdúrà ìparí. Ó dùn mí, nítorí pé àwọn òbí méjì ti tìtorí mi wá láti Ìkẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo gbé e padà, àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ sínú Ubuntu, ọ̀ràn náà sì tán. Wọ́n bẹ̀ mí, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lé ₦12,000 tí mo ti san. Mo ṣì máa rán ènìyàn sí wọn. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni ìwé pélébé kan tí wọn yóò máa fi lé oníbàárà lọ́wọ́, tí yóò sọ bí a ṣe ń yan ètò, ibi tí fáìlì wà, àti ohun tí a ti yí padà. Kí wọ́n tó ṣe é, kí ẹni tí ó bá lọ bá wọn rí i pé wọ́n wọ ètò méjèèjì lójú òun, kí ó sì wo aago nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì wọn.